Omi tó rú kì í ṣe ẹ̀rí: ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú ọ̀sìn rhizobia lọ́pọ̀ yanturu láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan tó ń gbin sóyà sórí nǹkan bí hẹ́kítà 600 fẹ́ máa ṣe inoculant tiwọn. Inoculant ni bakitéríà rhizobia tí a pò mọ́ èròjà kan tí a fi ń ra irúgbìn kí a tó gbìn ín, kí gbòǹgbò sóyà lè so kókó, kí kókó náà sì máa gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún ewéko. Èyí tí wọ́n ń rà kì í dé lásìkò, ìgbà mìíràn sì wà tí ohun tó wà nínú ọ̀rá ti kú kó tó dé ọwọ́ wọn. Wọ́n ní ìdí gidi láti gbìyànjú, ọkàn wọn sì balẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sin bakitéríà mìíràn nínú dúrọ́ọ̀mù: lactobacillus, tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ẹran tí wọ́n sì fi ń pa òórùn ilé ẹran.

Ìlànà ti lactobacillus rọrùn púpọ̀. Ẹ fọ dúrọ́ọ̀mù oníke mọ́, ẹ da omi tí a ti sè tó sì ti tutù sí i, ẹ fi molasses lítà 5 àti omi ọ̀sìn àtijọ́ lítà 5 sínú lítà 100, ẹ dé e pa, kí ẹ sì máa tú ìdérí díẹ̀ kí gáàsì lè jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó: bó bá ṣe kéré tó ló ṣe ń kan tó) á ti wálẹ̀ sí abẹ́ 4, ó ti ṣe tán. Kò sí autoclave (ẹ̀rọ tó ń fi ooru àti prẹ́ṣọ̀ pa kòkòrò), kò sí yàrá àyẹ̀wò, síbẹ̀ kì í sábà bàjẹ́. Wọn kò bi ara wọn léèrè rí pé kí ló dé tí kì í fi í bàjẹ́. Inú ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo wàhálà tó tẹ̀lé e ti wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò ohun tí wọ́n nílò. Irúgbìn kílò 60 ni wọ́n ń gbìn sí hẹ́kítà kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 36,000. Bí a bá fi inoculant gíráàmù 5 ra kílò kan, kílò 180 ni a ó lò. Gíráàmù inoculant kan gbọ́dọ̀ ní bakitéríà ààyè tó tó bílíọ̀nù kan. Kílò sóyà kan ní hóró bí 6,600. Gíráàmù 5 á gbé bílíọ̀nù 5 wá, hóró kọ̀ọ̀kan á gba bí 750,000. Láàárín 100,000 sí mílíọ̀nù kan lórí hóró sóyà kan ni ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè. Bó bá jẹ́ pé mílíọ̀nù kan péré ló wà nínú gíráàmù, hóró kan á gba 750, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì ti kú kí gbòǹgbò tó yọ. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí kò ṣeé fi ojú rí. Ọ̀rá méjèèjì á dúdú bákan náà, wọ́n á sì wúwo bákan náà.

Irú bakitéríà tí wọ́n gbà ni USDA 110, Bradyrhizobium diazoefficiens, tí wọ́n ń kà mọ́ Bradyrhizobium japonicum títí di ọdún 2013. Ó dé nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, lórí agar (oúnjẹ dídì tí a fi ń sin bakitéríà), ó sì mọ́ láìlábàwọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò ní àléébù kankan.

Dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́

Wọ́n gbé ìlànà lactobacillus ka rhizobia lórí bó ṣe wà. Omi lítà 90 tí wọ́n sè fún 30 ìṣẹ́jú, omi ìwúkàrà lítà 10, ṣúgà kílò 1, èròjà oníkẹ́míkà méjì, K2HPO4 gíráàmù 50 àti MgSO4 gíráàmù 20, àti iyọ̀ gíráàmù 10. Oúnjẹ rhizobia tó wà nínú gbogbo ìwé náà nìyí, àfi ohun méjì tí wọ́n pààrọ̀ kí owó lè dínkù: ṣúgà rọ́pò mannitol (èròjà dídùn kan), omi ìwúkàrà sì rọ́pò yeast extract (èròjà tí a yọ látinú ìwúkàrà). Pípààrọ̀ kejì kò burú rárá. Ìwúkàrà tútù gíráàmù 100 tí a sè nínú omi lítà kan, tí a jẹ́ kó silẹ̀, tí a sì yọ omi tó tòrò lórí rẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa. Ti àkọ́kọ́ ni iná wà lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n fi bílíìṣì fọ dúrọ́ọ̀mù, wọ́n da oúnjẹ náà sí i, wọ́n fi omi ọ̀sìn rhizobia mílílítà 100 sí i, wọ́n wá so pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ẹja mọ́ ọn, òwú wà lẹ́nu rọ́bà. Lẹ́yìn 20 wákàtí, omi ti rú bí omi ìfọṣọ, ìfófòó ti bo orí rẹ̀. Inú gbogbo wọn dùn. Lọ́jọ́ kẹta, pH ti wá láti 6.8 sí 5.1. Wọ́n pò ó mọ́ peat tí wọ́n sá sóòrùn (peat ni ewéko tó ti jẹrà sínú irà fún ìgbà pípẹ́), wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n pín in fún àgbẹ̀ mẹ́wàá kí wọ́n fi dán an wò. Ní ọjọ́ 40 lẹ́yìn ìgbìn, wọ́n hú gbòǹgbò wò. Ilà tí wọ́n fi inoculant ra irúgbìn rẹ̀ àti ilà tí wọn kò rà, kò sí ìyàtọ̀: kókó méjì, mẹ́ta níbí, òdo lọ́hùn-ún.

Ó bani nínú jẹ́, torí pé àsìkò ìgbìn kan ni àwọn àgbẹ̀ mẹ́wàá yẹn fi san owó rẹ̀. Àmọ́ dúrọ́ọ̀mù náà ti sọ òtítọ́ ní wákàtí 20, bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣe ìṣirò. Mílílítà 100 tó ní bílíọ̀nù kan nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan, bó bá wọ inú lítà 100, á di mílíọ̀nù kan nínú mílílítà. Wákàtí 6 sí 8 ni Bradyrhizobium fi ń di ìlọ́po méjì. Ní 20 wákàtí, kò lè ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ojú ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé omi ti rú díẹ̀. Rhizobia yìí kò lè sọ lítà 100 di omi ìfọṣọ láàárín òru kan. Ohun kejì ni pH. Nínú oúnjẹ báyìí, Bradyrhizobium máa ń gbé pH sókè díẹ̀ ni. Rhizobia tó ń yára dàgbà, irú ti ẹ̀wà Phaseolus vulgaris, ló máa ń jẹ́ kó kan. Bí pH bá já wálẹ̀ sí 5.1 nínú ọ̀sìn Bradyrhizobium, ẹlòmíì ló ń jẹun níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá gbé ẹ̀kán omi tó ṣẹ́kù sábẹ́ maikirosíkópù, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi aró Gram (aró tí a fi ń ya oríṣi bakitéríà sọ́tọ̀) kùn ún, ohun tí wọ́n rí ni ọ̀pá gbọọrọ aláwọ̀ àlùkò tí spore (irú hóró líle tí àwọn bakitéríà kan máa ń dì sí kí wọ́n má baà kú) ràn bí ìlẹ̀kẹ̀ sínú wọn. Bacillus ni. Rhizobia kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni aró Gram máa ń fún un, kì í sì í ní spore.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ jẹ́ méjì tó so kọ́ra. Bradyrhizobium àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń rọra dàgbà kì í lè jẹ ṣúgà inú ìrèké. Ṣúgà náà jẹ́ oríṣi méjì tó so pọ̀, wọn kò sì ní irinṣẹ́ tí wọ́n á fi tú u. Ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un wá di oúnjẹ tí ẹlòmíì nìkan lè jẹ. Ìkejì, omi sísè ní 100°C kì í pa spore Bacillus. Ó ń pa bakitéríà tó wà láàyè gbangba, àmọ́ spore á jókòó sínú omi híhó, bí omi bá sì tutù, á jí. Bí oúnjẹ bá wà tí afẹ́fẹ́ sì ń wọlé, Bacillus lè di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹyọ kan ṣoṣo, bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́, nílò ìlọ́po méjì bí ìgbà 47 láti kún lítà 100 dé bílíọ̀nù kan nínú mílílítà. Kò tó 24 wákàtí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "a ti gbìyànjú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán" kò fi ní ìtumọ̀ nínú ọ̀sìn rhizobia.

Kí ló wá dé tí lactobacillus kò ṣe báyìí rí? Torí pé lactobacillus ní ohun ìjà tirẹ̀. Kíkan tó ń ṣe jáde ń lé àwọn yòókù, kò sì nílò afẹ́fẹ́, a lè dé e pa. Ìdọ̀tí tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù náà kò kúrò. Lactobacillus fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ ilé. Bradyrhizobium kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí: kì í yára, kì í kan, kì í ní spore, ó sì gbọ́dọ̀ mí. Ilé tí a kọ́ fún ẹni tó lè ja ìjà ni wọ́n gbé e sí láìfún un ní idà.

Ìgbìyànjú kejì: ooru lọ́jọ́ mẹ́ta

Wọn kò ní autoclave ńlá, dúrọ́ọ̀mù lásán kò sì ṣeé gbé sí 121°C, á rọ̀. Wọ́n ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tí wọ́n fi polypropylene ṣe, èyí tó lè fara da ooru, lítà 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, wọ́n sì ń fi omi oúnjẹ lítà 15 sí i. Wọ́n fi glycerol gíráàmù 10 sí lítà kan dípò ṣúgà. Ìpinnu tó dára jù lọ ni èyí: glycerol sábà máa ń dínwó ju mannitol lọ, Bradyrhizobium sì ń jẹ ẹ́ tọ́wọ́tẹsẹ̀. Wọ́n tún gbé omi ìbẹ̀rẹ̀ sókè sí mílílítà 150 fún kẹ́ẹ̀gì kan, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kí rhizobia lè fi nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá nínú mílílítà bẹ̀rẹ̀.

Fún pípa kòkòrò, wọ́n yan ọ̀nà àtijọ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Tyndall fi lọ́lẹ̀ ní ọdún 1877: kí a gbé e sí ooru 100°C fún 30 ìṣẹ́jú, ní ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra. Ooru ọjọ́ kìíní á pa àwọn tó ti jí. Spore tó ṣẹ́kù á hù di bakitéríà lásán kí ilẹ̀ tó mọ́, ooru ọjọ́ kejì á pa á. Ọjọ́ kẹta á ṣe àṣekágbá. Nínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, mẹ́ta bàjẹ́.

Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, èmi yóò sì dúró lórí wọn torí pé àwọn tó mọ ìlànà yìí lórí ìwé pàápàá ń ṣe wọ́n. Àkọ́kọ́, láti ìgbà tí omi ìkòkò ti hó ni wọ́n ti ń ka 30 ìṣẹ́jú. Lítà 15 tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì lè gba ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn ìyẹn kí àárín rẹ̀ tó gbóná dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná gbọ́dọ̀ wà láàárín kẹ́ẹ̀gì kan tí omi lásán wà nínú rẹ̀, nígbà tí àárín yẹn bá sì ti gbóná tó ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Èkejì, láàárín ooru kan sí èkejì, wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì sí yàrá tútù "kó má baà bàjẹ́". Òdìkejì gan-an ni ohun tó yẹ. Spore tó wà nínú òtútù kì í hù, èyí tí kò bá sì hù, ooru ọ̀la kò ní pa á. 28 sí 30°C ni ó gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú, nínú oúnjẹ. Èyí náà ló fà á tí ìlànà yìí kò fi wúlò fún omi lásán: spore kì í hù níbi tí kò sí oúnjẹ.

Wọ́n tún un ṣe. Ohun tí wọ́n fi kún un ni kí wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti pa kòkòrò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì ní 30°C láìfi rhizobia sí i. Èyí tó bá rú, kí wọ́n dà á nù. Wọn kò tí ì pàdánù ohun púpọ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tòrò kedere. Wọ́n fi rhizobia sí wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, méjì rú gan-an, wọ́n sì ń rùn.

Lọ́tẹ̀ yìí, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni. Pọ́ǹpù méjì ló wà, ọ̀kan fún kẹ́ẹ̀gì méjì, ilẹ̀ ni wọ́n sì gbé wọn sí, kẹ́ẹ̀gì wà lórí tábìlì. Iná mànàmáná lọ lóru. Pọ́ǹpù dúró, omi ọ̀sìn sì fà padà sínú rọ́bà ọ̀kan nínú wọn títí ó fi kan òwú. Òwú gbígbẹ ń dá bakitéríà dúró dáadáa. Bí ó bá ti tutù, bakitéríà á gbà á kọjá bí ẹni ń rìn lórí afárá. Nígbà tí iná dé, pọ́ǹpù fẹ́ gbogbo rẹ̀ padà sínú kẹ́ẹ̀gì. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju èyí lọ: pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi lọ, kí ìgò òfìfo kan wà láàárín òwú àti kẹ́ẹ̀gì tí yóò gba omi tó bá padà, kí òwú pọ̀ tó láti kún ọ̀pá tó gùn tó ìka ọwọ́ méjì, kí wọ́n sì pa kòkòrò inú rẹ̀, kí ó gbẹ kí wọ́n tó lò ó. Fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn dára, ṣùgbọ́n kò rọ́pò gbígbé pọ́ǹpù sókè.

Ibi tí ọ̀nà ti yà

Lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe yìí, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń jáde mọ́. Ó dà bíi pé ohun tó kàn ni kí wọ́n ra kẹ́ẹ̀gì sí i, kí wọ́n sì mú wọn tóbi sí i. Ìyàwòrán iṣẹ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ló béèrè pé ta ni ó ní inú kẹ́ẹ̀gì ni rhizobia gbọ́dọ̀ ti pọ̀ dé bílíọ̀nù?

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ti wà láti ọdún 1982, nígbà tí àwọn olùwádìí Somasegaran àti Halliday fi hàn pé a lè bu omi la omi ọ̀sìn rhizobia gidigidi kí a tó fi sínú peat, bí peat náà bá ti wà láìní kòkòrò kankan. Rhizobia tó wọ inú rẹ̀ á pọ̀ sí i fúnra wọn títí wọ́n á fi dé iye tí wọn ì bá dé bí a kò bá bu omi là á. Nínú peat tí kòkòrò mìíràn wà, èyí kò lè ṣẹlẹ̀, torí onílé kò ní jẹ́ kí àlejò kéréje gbèrú. Lọ́rọ̀ kan, ọ̀rá peat ni ẹ̀rọ ìsìn bakitéríà. Ó wà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kò kan èkejì, kò sì nílò pọ́ǹpù.

Ìṣirò tó tẹ̀lé e yí gbogbo ètò padà. Kílò 180 jẹ́ ọ̀rá 900, gíráàmù 200 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá kan ń gba omi mílílítà 70, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 63. Bí a bá bu omi la omi ọ̀sìn ní ìlọ́po 50, lítà 1.3 ọ̀sìn tó mọ́ ti tó. Lítà 1.3! Ohun tí wọ́n ti ń fi dúrọ́ọ̀mù lítà 100 wá. Mílílítà kan tó ti jẹ́ bílíọ̀nù kan á di mílíọ̀nù 20. Mílílítà 70 á gbé bílíọ̀nù 1.4 wọ inú ọ̀rá, ìyẹn mílíọ̀nù 7 nínú gíráàmù kan. Ó ku ìlọ́po méjì bí ìgbà méje kó tó súnmọ́ bílíọ̀nù kan, ọ̀sẹ̀ méjì sì pọ̀ tó fún ìyẹn.

Wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ìkòkò prẹ́ṣọ̀ ńlá méjì tó lè gba ìgò lítà kan mẹ́fà ni wọ́n rà. Ìgò ọ̀sìn kọ̀ọ̀kan ní omi oúnjẹ mílílítà 400, kí àyè afẹ́fẹ́ wà lókè, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ ìgò tuntun ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta kí ọ̀sìn tó gbó tán máa wà lójoojúmọ́. Ní ìkòkò prẹ́ṣọ̀, ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ kánjú rẹ̀: kí a jẹ́ kí ooru máa tú jáde fún 10 ìṣẹ́jú kí a tó dí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀, ọwọ́ ìwọ̀n á fi 15 psi hàn, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kò tí ì dé 121°C.

Peat

Iṣẹ́ kò tán. Ó kàn kó kúrò nínú omi bọ́ sínú peat ni. Peat tí wọ́n rí kan, pH rẹ̀ jẹ́ 4.6. Wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n lọ̀ ọ́ títí yóò fi gba asẹ́ tóóró kọjá bí ìyẹ̀fun, wọ́n sì fi calcium carbonate sí i díẹ̀díẹ̀ títí pH fi wọ àárín 6.5 sí 7. Ìwọ̀n tí ó gbà yàtọ̀ láti peat kan sí èkejì, nítorí náà kí a gbé gíráàmù 100 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a dán an wò lórí rẹ̀, kí a jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú ọ̀rinrin, kí a tó ṣe púpọ̀.

Ọ̀rá polypropylene ni wọ́n lò, torí polythene lásán á yọ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n fi peat gbígbẹ kún ọ̀rá bí ìrọ̀rí, wọ́n sì gbé e sí 121°C fún 20 ìṣẹ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe omi. Nínú ọ̀rá 20 tí wọ́n yẹ̀ wò, 7 ní kòkòrò. Peat gbígbẹ kì í jẹ́ kí ooru wọlé, spore tó wà nínú gbígbẹ sì le púpọ̀ ju èyí tó wà nínú ọ̀rinrin lọ. Wọ́n wá yí i padà: peat gíráàmù 110, omi mílílítà 20 tí a pò mọ́ ọn kí ó tó wọ inú ooru, ọ̀rá tí a tẹ́ pẹlẹbẹ kó má ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ, 90 ìṣẹ́jú. Mílílítà 20 yìí pẹ̀lú mílílítà 70 tí ń bọ̀, àti ìwọ̀nba omi tó ti wà nínú peat tẹ́lẹ̀, ló jẹ́ kí nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ọ̀rá náà jẹ́ omi. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, peat á di ẹrẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì dínkù. Lẹ́yìn àtúnṣe yìí, ọ̀rá 20 mìíràn tí wọ́n yẹ̀ wò mọ́ láìku ọ̀kan.

Omi tí wọ́n fi ń bu la ọ̀sìn náà gbọ́dọ̀ gba inú ìkòkò prẹ́ṣọ̀ kọjá. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi omi sísè ṣe é, kí iṣẹ́ lè yá. Rárá o. Spore tí kò ṣe nǹkan nínú omi lásán, inú peat ló ń lọ yìí, oúnjẹ sì kún ibẹ̀. Ọ̀rá 80 ni wọ́n ń ṣe lójúmọ́, omi lítà 5.6, ìgò mẹ́fà, ìkòkò kan. Mílílítà 112 ọ̀sìn nìkan ló ń wọ inú rẹ̀. Wọ́n ń fi òwú tí sípíríìtì wà lára rẹ̀ nu igun ọ̀rá, wọ́n á fi síríńjì fún omi náà sí i, wọ́n á fi lébẹ́ẹ̀lì dí ojú ihò lójú ẹsẹ̀, wọ́n á wá fi ọwọ́ pò ọ̀rá náà láti ìta títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ méjì ní 28°C. Ọjọ́ 12 ni wọ́n fi ṣe gbogbo ọ̀rá náà.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe báyìí

Kò sí ìgò tó ń wọ inú peat láìjẹ́ pé ó ti kọjá ohun mẹ́ta. Aró Gram ni àkọ́kọ́, ìdajì wákàtí péré ni. Èkejì ni abọ́ agar tí glucose àti peptone wà nínú rẹ̀: rhizobia kì í fẹ́ẹ̀ hù níbẹ̀, nítorí náà ohunkóhun tó bá hù gìrìgìrì láàárín ọjọ́ méjì jẹ́ àjèjì. Ìkẹta ni agar rhizobia tí aró pupa kan, Congo red, wà nínú rẹ̀, mílílítà 10 nínú èyí tí a pò ní ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún, fún lítà kan. Kọ́lọ́nì (ìdì bakitéríà tí ojú lè rí) Bradyrhizobium máa ń funfun níbẹ̀, wọn kì í sì í hàn dáadáa kó tó di ọjọ́ 5 sí 7. Inú òkùnkùn ni kí abọ́ yìí wà, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà á, rhizobia náà á gba aró, a ó sì da ọ̀sìn tó dára nù.

Kíkà wọn nínú peat kò le. Gíráàmù 10 peat sínú omi mílílítà 90 tó mọ́, kí a mì ín fún 10 ìṣẹ́jú, kí a sì máa bu omi là á ní ìlọ́po mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ̀kán mílílítà 0.03 ni kí a kán sórí agar, ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ìpele ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́wàá bá mú kọ́lọ́nì 3 jáde nínú ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ìyẹn jẹ́ 3 tí a fi 0.03 pín, tí a fi mílíọ̀nù mẹ́wàá sọ di púpọ̀: bílíọ̀nù kan nínú gíráàmù. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n kà wà láàárín mílíọ̀nù 800 sí bílíọ̀nù 2.

Nígbà ìgbìn tó tẹ̀lé e, kí wọ́n tó pín ọ̀rá kankan fún àgbẹ̀, wọ́n gbin sóyà sínú ìkòkò iyanrìn tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, ìdajì pẹ̀lú inoculant, ìdajì láìsí. Ní ọjọ́ 28, àwọn tó gba inoculant ti ní kókó ńláńlá tó dì mọ́ ìdí gbòǹgbò, inú rẹ̀ pupa nígbà tí wọ́n là á. Ewé wọn dúdú. Àwọn yòókù ti ń pọ́n, kò sì sí kókó kankan lára wọn. Nínú oko náà, bákan náà ló rí.

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ sin bakitéríà mú lọ

Kí a tó béèrè bí dúrọ́ọ̀mù ṣe máa tóbi tó, kí a béèrè ohun ìjà tí bakitéríà náà ní. Lactobacillus ní kíkan. Bacillus fúnra rẹ̀, bó bá jẹ́ òun ni a fẹ́, ní ìyára àti spore: bí ọ̀sìn rẹ̀ bá ti so spore tán, a lè gbé e sí 80°C fún 10 ìṣẹ́jú, èyí á pa ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ní spore, tirẹ̀ á sì ṣẹ́kù. Trichoderma, tó jẹ́ olú tíntìntín, lè yára bo ọkà tí a sè tí a sì pa kòkòrò inú rẹ̀, kí àwọn bakitéríà tó ráyè, bí ọkà náà kò bá tutù jù. Àwọn wọ̀nyí gba ọwọ́ tó rọrùn. Rhizobia, Azospirillum àti irú wọn kò ní odi kankan, àwa ni odi wọn. Ìlànà olówó pọ́ọ́kú tó bá ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ kìíní kò sọ ohunkóhun nípa ẹgbẹ́ kejì.

Ìkejì kan pípààrọ̀ èròjà. Kí a máa pààrọ̀ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, nínú ìgò mílílítà 100, kí a sì fi ìgò tí a kò fi bakitéríà sí rárá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgò bẹ́ẹ̀ ì bá ti rú ní wákàtí 20, ì bá sì ti gba àgbẹ̀ mẹ́wàá là.

Ohun kan ṣì kù tí ẹgbẹ́ náà ń tún ṣe lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ìgò agar àkọ́kọ́ ti dé ni wọ́n ti ń gbé bakitéríà láti agar kan sí èkejì, ó sì ti di ìgbà mẹ́sàn-án. Bí a bá ń gbé e báyìí léraléra, rhizobia lè pàdánù agbára láti so kókó láìjẹ́ pé ìrísí rẹ̀ yí padà lórí abọ́. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ pẹ̀lú èyí tó tún wá láti ibi ìpamọ́: ìgò agar 20 lọ́jọ́ kan náà, òróró paraffin tó ti gba inú ooru kọjá bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà kan, wọ́n sì kó wọn sínú fíríìjì. Ìgò kan ni wọ́n á máa ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò ìgbìn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dán an wò lára sóyà nínú iyanrìn fún ọjọ́ 28, wọn kò sì ní dá a padà sínú fíríìjì.